Mo gba ojú ọ̀nà láti Èkó dé Kánò kí n lè rí ibi tí ìbò ti ń yà

Mọ́ńdè, Èkó sí Ìbàdàn

Gbogbo wa la rí máàpù tó kiri orí WhatsApp lẹ́yìn ìbò ààrẹ ti February 2023, èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mẹ́rin, ìpínlẹ̀ 12 fún Tinubu, 12 fún Atiku, 11 pẹ̀lú Abuja fún Obi, Kánò nìkan fún Kwankwaso. Àtìgbà yẹn ni máàpù náà ti ń bí mi nínú, torí òun làwọn èèyàn fi ń bú ara wọn, ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ báyìí, ẹ̀yin ará òkè báyìí, bíi pé gbogbo ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ kan ló ń ronú bákan náà. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé tí àyè bá yọ màá lọ fojú ara mi wo ibi tí àwọ̀ yẹn ti ń yí padà. Àyè yọ ní ìparí 2024, mo sì bọ́ sọ́nà.

Èkó gan-an la ti máa bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ Obi ni wọ́n fi kùn ún, ìbò 582,454 fún un, 572,606 fún Tinubu, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ò tó 10,000! Eti-Osa àti Amuwo-Odofin gba ọ̀nà kan, Ẹ̀pẹ́ àti Ìsàlẹ̀ Èkó gba ọ̀nà míì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, March 18, ìbò góòmìnà dé, Sanwo-Olu rí 762,134, Rhodes-Vivour rí 312,329. Ìlú kan náà o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ṣì ń dùn mí, torí kì í ṣe pé èrò àwọn èèyàn yí padà nìkan, wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn tójú wọn jọ ti Ìgbò níbi tí wọ́n ti fẹ́ dìbò, wọ́n lé àwọn kan, wọ́n lu àwọn kan, Yorùbá míì gan-an jẹ nínú ẹ̀ torí pé ẹnì kan wo ojú wọn tó ní wọn ò jọ ọmọ ilẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìbò Èkó tó fo ibẹ̀ yẹn, kò tíì sọ nǹkan kan.

Mo wọ rélùwéè àárọ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá wo orúkọ tí wọ́n fún àwọn stéṣọ̀n yìí, ìtàn òṣèlú ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n tò sójú ọ̀nà: Mobolaji Johnson nibi tá a ti gbéra, Jakande ní Agbado, Funmilayo Ransome-Kuti ní Papalanto, Soyinka l'Abẹ́òkúta. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ìbàdàn, Ladoke Akintola ní Omi-Adió, èyí tó tẹ̀ lé e tó jẹ́ òpin ọ̀nà, Obafemi Awolowo ní Mọ́níyà. Mò ń wo pátákó Akíntọ́lá títí ọkọ̀ fi kúrò níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ló yapa ní 1962, ìjà wọn ló la Western Region sí méjì, apá kan di Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, apá kan ṣì jẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group Awólọ́wọ̀, ó dórí ìbò 1965 tí wọ́n jí gbé, ó dórí wẹ́tìẹ̀, wọ́n ń da bẹntiróò sí èèyàn lára wọ́n ń ṣáná sí i, kó tó di pé àwọn ṣọ́jà dé ní January 1966. Rélùwéè ò lò tó wákàtí kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ ìkejì.

Nírọ̀lẹ́ mo gòkè Mápó. Ní ìsàlẹ̀ òkè náà, lápá Bẹẹrẹ, wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ìbò ni mò ń bá kiri. Bàbá wò mí. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà rò pé Awólọ́wọ̀ ló ni Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn?" Mo ní rárá sà, mo ti kà á. Wọ́n ní kíkà kọ́, àwọn rí i.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí gbogbo ayé ń pe West ní ilẹ̀ Action Group, Adégòkè Adélabú ló ni Ìbàdàn, òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ Mábọ̀lájẹ́ tó bá NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe, ṣe pọ̀. Ní ìbò ìjọba àpapọ̀ 1954, NCNC ló kó ìjókòó jù ní Western Region, kì í ṣe ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún ìyẹn kà kẹ́ ẹ tó máa sọ pé Yorùbá ò dìbò fún ẹgbẹ́ tí Ìgbò ń ṣolórí ẹ̀ rí. Kí ló fà á? Bàbá ní ilẹ̀ ni, ilẹ̀ àti owó orí. Àwọn Ìjẹ̀bú tó wá ṣòwò n'Ìbàdàn ń ra ilẹ̀, wọ́n kàwé, wọ́n sì wà nínú Action Group, ọmọ Ìbàdàn tí ò kàwé wá ń wo ẹgbẹ́ yẹn bí ẹgbẹ́ àwọn àlejò tó fẹ́ gba ìlú mọ́ òun lọ́wọ́. Adélabú sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ó sọ ọ́ lédè tí wọ́n ń sọ nílé. Nígbà tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní March 1958, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ torí àwọn èèyàn ò gbà pé ikú lásán ni. Bàbá ní ọmọdé làwọn nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ò gbàgbé igbe tó sọ lọ́jọ́ náà.

Ó sì tún wà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ní February 2023, Tinubu ti APC rí 449,884 ní Ọ̀yọ́, ó fi àlàfo ńlá sílẹ̀. Ní March, àwọn èèyàn yìí kan náà fún Mákindé ti PDP ní 563,756, ẹni tí APC fà kalẹ̀ rí 256,685. Àwọ̀ wo lẹ fẹ́ fi kùn wọ́n?

Túsìdeè, Òṣogbo

Ọjọ́ kúkúrú nìyí, òjò ò rọ̀ àmọ́ gbogbo ọ̀nà ni eruku. Ọ̀ṣun nìkan ni Tinubu ti pàdánù pẹ̀lú Èkó ní ilẹ̀ Yorùbá ní 2023, Atiku 354,366, òun 343,945. Oṣù méje péré ṣáájú ìyẹn, July 2022, ni Adélékè ti gba ipò góòmìnà lọ́wọ́ Oyètọ́lá, iná yẹn ò sì tíì kú nígbà tí ìbò ààrẹ dé. Ọ̀ṣun ti ń ṣe é tipẹ́, ní 2011 tí gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá tó kù lọ bá Jonathan, Ọ̀ṣun nìkan ló fún Ribadu, ọmọ Adamawa, ní ìbò tó pọ̀ jù. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ nítòsí Ọlọ́nkọ́rọ̀ ò tiẹ̀ rántí Ribadu mọ́, owó oṣù ni wọ́n rántí, ìdajì owó oṣù tí wọ́n ń san fáwọn òṣìṣẹ́ nígbà kan. Mo gbà wọ́n gbọ́ pé ibẹ̀ ni ìbò wọn ti wá.

Ohun kan tí mo fẹ́ káwọn èèyàn mọ̀: ní 1999, Ọbásanjọ́ pàdánù gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, títí kan Ògùn tó ti wá, ó sì di ààrẹ.

Wẹ́sìdeè, Ìlọrin

Ọ̀nà Ọ̀fà la gbà wọlé. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ nínú ọjà Yorùbá ni, àmọ́ lórí máàpù, North Central ni Kwárà wà. Òyìnbó ló ti Ìlọrin sí Àríwá nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀, torí pé ìlú Ẹ́míà ni. Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ ẹ̀ fẹ́ kí wọ́n dá Ìlọrin àti Kàbà padà sí West, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Kọ́míṣọ́nnì Willink, ìgbìmọ̀ tí òyìnbó gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kékeré, ìròyìn wọn jáde ní 1958, kò sẹ́ni tó wá bi ará Ìlọrin nínú ìbò pé ibo lẹ fẹ́.

Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n gbà mí sílé, ló ń ṣàlàyé Tálákà Parapọ̀ fún mi lẹ́yìn ìrun Ìṣà. Ní 1950 sí òkè, àwọn àgbẹ̀ àti mẹ̀kúnnù Ìlọrin dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n bá Action Group ṣe, wọ́n sì gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ àwọn ará ààfin lọ́wọ́ nínú ìbò 1956, kò pẹ́ tí ìjọba Kaduna fi tú ìgbìmọ̀ náà ká. Mo ní, Alàgbà, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló mú wọn ṣe é nìyẹn. Wọ́n mi orí. "Ẹ máa dà á pọ̀. Owó orí ló mú wọn ṣe é, àti ilé ẹjọ́, àti bí àwọn àjẹ́lẹ̀ ṣe ń fojú wọn gbolẹ̀ lóko. Ẹni tó bá máa gbè wọ́n ni wọ́n wá, Action Group ló dáhùn." Mo ronú sí i títí mo fi sùn. Ohun tí Adélabú lò láti lé Action Group kúrò n'Ìbàdàn náà ni Action Group lò láti wọ Ìlọrin.

Ẹ wá wo Bàbá Ṣàràkí, Olóyè. NPN ni wọ́n, àgbà níbẹ̀, nígbà tó di 1983 tí wọ́n bá góòmìnà ẹgbẹ́ wọn jà, wọ́n ti Adébáyọ̀ ti UPN lẹ́yìn, ó sì wọlé. Mùsùlùmí Ìlọrin ló gbé Kìrìsítẹ́nì ọmọ Òkè-Onígbin wọlé, lábẹ́ àsíá Awólọ́wọ̀! Ilé yẹn náà ló darí Kwárà títí di 2019, tí ìpolongo Ó Tó Gẹ́ fi gbá wọn dànù, Bukola Saraki tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin àgbà pàdánù àga ẹ̀.

Tọ́sìdeè, Lọ́kọ́jà

Omù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, Kàbà, ọ̀nà náà burú débi pé mi ò rí nǹkan kọ nínú ọkọ̀. Àǹtí kan wọlé ní Kàbà, aṣọ ni wọ́n ń tà, wọ́n jókòó tì mí, nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí mò ń bá kiri wọ́n pàtẹ́wọ́. "O wá bá wa nìyẹn, tiwa ló le jù."

Kogi tí wọ́n yọ jáde láti ara Kwárà àti Benue ní 1991, orílẹ̀-èdè kékeré mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀: Ìgalà ní ìlà oòrùn odò, Ẹ̀bìrà láàárín, Òkun tó ń sọ Yorùbá ní ìwọ̀ oòrùn. Ìgalà ló pọ̀ jù, àwọn ló sì mú àga góòmìnà, Audu, Ibrahim Idris, Wada. Ní November 2015, Audu ti fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kú kí wọ́n tó parí kíka ìbò. Igbákejì ẹ̀ Faleke, ọmọ Òkun, ló ní òun ló yẹ kí wọ́n gbé e fún, torí orúkọ òun àti ti Audu làwọn èèyàn dìbò fún. Ẹgbẹ́ wọn, APC, gbé Yahaya Bello tó jẹ́ Ẹ̀bìrà wọlé dípò, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i. Àtìgbà náà ni àwọn Ẹ̀bìrà ti ń gbé e láàárín ara wọn, Bello lo ọdún mẹ́jọ, ó gbé e fún Ododo, Ẹ̀bìrà bíi tiẹ̀.

Èsì November 2023 ni kéèyàn gbé sójú tó bá fẹ́ mọ bí ìbò ṣe ń jọ ìkànìyàn. Ododo 446,237, Ajaka ọmọ Ìgalà lábẹ́ SDP 259,052, Dino Melaye ọmọ Òkun lábẹ́ PDP 46,362. Ìgalà dìbò fún Ìgalà, Ẹ̀bìrà dìbò fún Ẹ̀bìrà. Òkun ńkọ́? Àǹtí ní, "Àwa mọ̀ pé tiwa ò lè wọlé, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa lọ bá ẹni tó wà nípò, kí wọ́n lè tún ọ̀nà yìí ṣe." A sì wà lórí ọ̀nà náà, táyà ń bọ́ sínú kòtò. Ó dùn mí gan-an. Òkun kan ò tíì fi ìbò di góòmìnà Kogi rí, Clarence Olafemi kàn dì í mú fún ìgbà díẹ̀ ní 2008 ni. Wọ́n á tún máa pe ibẹ̀ yẹn ní àwọ̀ APC kan ṣoṣo lórí máàpù.

Nírọ̀lẹ́ mo dúró níbi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé, ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ń nawọ́ sí òdìkejì, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn nìyẹn, Ìgalà. Mo bi í bóyá ó dìbò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, fún Ajaka, ó sì sọ pé òun ò tiẹ̀ mọ ohun tí SDP túmọ̀ sí.

Fúráìdeè, Abuja

A kúrò ní kùtù torí wọ́n ní kéèyàn má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà yẹn. Abuja ni àríyànjiyàn 25% ti gbóná jù. Òfin 1999, ẹsẹ̀ 134, sọ pé kí èèyàn tó di ààrẹ ó gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì tún ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò (25%) ní, ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja. Tinubu rí i ní ìpínlẹ̀ 29, kò rí i ní Abuja níbi tí Obi ti kó 281,717. Ilé ẹjọ́ tó ga jù wá sọ ní October 26, 2023 pé Abuja ò ju ìpínlẹ̀ kan lọ nínú ìṣirò yẹn.

Ìjà yìí ò jẹ́ tuntun. Ní 1979 ìpínlẹ̀ 19 ló wà, kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19? Shagari ní 25% ní ìpínlẹ̀ 12, ti Kánò ò pé, Akínjídé, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ Shagari, wá sọ pé 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta Kánò ni òfin ń sọ, ilé ẹjọ́ gbà á, Awólọ́wọ̀ sì pàdánù. Ìdí tí wọ́n fi kọ òfin náà ni mo fẹ́ràn síbẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ ti rí bí ẹgbẹ́ kan-kan ṣe di ti ẹkùn kan-kan, NPC l'Áríwá, NCNC ní East, Action Group ní West, wọ́n ti rí ogun tó tẹ̀yìn ẹ̀ wá, wọ́n ní kò sẹ́ni tó tún máa fi ìbò ilé ẹ̀ nìkan jọba. Láìsí i, kò sí ìdí kankan tí ọmọ Kánò á fi wá bẹ ará Ondo.

Sátidé, Jos

Keffi, Akwanga, lẹ́yìn náà ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ọyẹ́ sì mú wa. Plateau fún Obi ní 466,272. Ohun tí wọ́n sọ káàkiri ni pé nítorí Mùsùlùmí méjì ni APC fà kalẹ̀, Tinubu àti Shettima, Kìrìsítẹ́nì Plateau sì kọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ kẹ̀? Ní June 12, 1993, Abíọ́lá àti Kingibe náà Mùsùlùmí méjì ni. Plateau fún wọn ní ohun tó lé ní 60% ìbò. Ìlú kan náà, òkè kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Mo gbé e ka iwájú màmá kan tó ń kọ́ ọmọ nílé ìwé níbí, ẹni tó gbà mí lálejò, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ń ka ọdún fún mi: 1994, September 2001, November 2008 tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Jos North dá ìjà sílẹ̀ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn fi kú, 2010, wọ́n dé Kérésìmesì 2023 ní Bokkos àti Barkin Ladi. Wọ́n ní nígbà Abíọ́lá, Hausa àti Bẹ́rọ̀m ń gbé ògiri kan náà. Ní báyìí àdúgbò wà tí wọn ò jẹ́ wọ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú.

Ohun tí mo rí ní Jos nìyẹn, mo sì rò pé òun ló tóbi jù nínú gbogbo ìrìn yìí. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀ ní 1993, kò pinnu ìbò. Ìpànìyàn ló wá ń pinnu ẹ̀, ẹ̀sìn kàn jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Tí ìjọba bá ti tètè mú àwọn tó pànìyàn ní 2001 tí wọ́n fi wọ́n jófin, mi ò rò pé ìbò 2023 á rí bó ṣe rí níbí.

Sọ́ńdè mi ò rìn, mo sinmi.

Mọ́ńdè, Kánò

Ọ̀nà Saminaka, lẹ́yìn náà Tudun Wada. Gúúsù máa ń sọ pé "Àríwá" bíi pé ẹnu kan ni. Mo ti fẹ́ dé Mambayya House tipẹ́, ilé tí Mallam Aminu Kano gbé, tó ti di ibi ìwádìí lábẹ́ Yunifásítì Bayero. Láti 1950 ni NEPU, ẹgbẹ́ Aminu Kano, ti ń bá NPC àti àwọn Ẹ́míà jà nínú ìlú yìí, ìjà tálákà àti ààfin, bó ṣe rí n'Ìlọrin. Ní 1979, NPN Shagari ló gba àpapọ̀, Kánò lọ bá PRP, ẹgbẹ́ Aminu Kano nígbà yẹn, wọ́n fi Rimi ṣe góòmìnà. Ní 1993, Tofa ọmọ Kánò ló ń bá Abíọ́lá du ipò, Abíọ́lá sì nà án nílé ẹ̀, ó lé ní 52%. Ní 2023, ìbò 997,279 fún Kwankwaso, Tinubu 517,341, Atiku tí wọ́n ní òun ló ni Àríwá kò rí 150,000. Nígbà tí mo dé, Ẹ́míà méjì ló wà nílùú, Sanusi nínú ààfin àtijọ́, Aminu Ado Bayero ní ààfin kékeré ní Nassarawa, ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kan, àwọn ṣọ́jà àti ọlọ́pàá àpapọ̀ lẹ́nu ọ̀nà èkejì. Ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn bá wà nínú ọ̀rọ̀ Ẹ́míà ti fẹ́ẹ̀ sọ ẹ̀gbẹ́ tó máa wà nínú ìbò.

Ní Sabon Gari mo bá ẹ̀gbọ́n kan ọmọ Ọ̀fà tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, wọ́n ti pẹ́ níbí kí n tó máa lọ sílé ìwé. "Àbúrò, àwọn Hausa àdúgbò ló sọ fún mi pé Abíọ́lá máa wọlé ní Kánò, èmi ò gbà wọ́n gbọ́." Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n dìbò fún ní 2023. Wọ́n ní Kwankwaso, torí ọmọ wọn wà lára àwọn tó kàwé lówó ìjọba nígbà tó ṣe góòmìnà. Yorùbá ni wọ́n, APC ni ìlú wọn dìbò fún, ilé ìwé ọmọ ni wọ́n dìbò fún.

Ìforúkọsílẹ̀ ọdún yẹn lé ní mílíọ̀nù 93, ìbò tí wọ́n kà lápapọ̀ ò pé mílíọ̀nù 25. Àwọn tó kù ò sí lórí máàpù rárá, mo sì pàdé wọn ní gbogbo gáràjì tí mo ti sọ̀kalẹ̀, dírẹ́bà, alágbàrù, àwọn ọmọ tó ń ta omi.

Lọ́la màá wọ bàálù padà. Èyí tó kàn ni Benue, torí ibẹ̀ ni Tinubu ti rí 310,468 tí Obi rí 308,372, ilẹ̀ Joseph Tarka, olórí òṣèlú àwọn Tiv, tó bá Action Group ṣe nígbà tí gbogbo Àríwá wà lábẹ́ NPC. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Gboko àti Makurdi dáadáa, ẹ sọ fún mi ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wo ló yẹ kí n kọ́kọ́ yà sí.